Wàrà Tútù Ìyá Àgbà

Ìró igbá ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa. Kí àwọn ọmọ kéwú bàbá mi tó dé pẹ̀lú wàláà wọn, kí òfì ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àdámà á ti sọ igbá wàrà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, ọmọrí igbá á sì yí gbirigbiri lórí sìmẹ́ǹtì kó tó sinmi. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Àdámà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà, Fúlàní láti gáà tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn màlúù Ìyá Àgbà ti ń jẹko pọ̀ mọ́ tàwọn ẹbí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Ìyá Àgbà fọ́kọ ní Ìlọrin ni wọ́n ti ń gbé wàrà tẹ̀lé e, kí ilé ọkọ má baà rò pé ọwọ́ òfo ló fi wá. Ọkọ ti kú, àwọn tó kọ́kọ́ ń ru igbá ti kú, wàrà kò dá dúró. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé Yorùbá ni òun fi ń lá àlá báyìí, ṣùgbọ́n bí Àdámà bá ti jókòó, Fúlàní ni àwọn méjèèjì á máa sọ, wọn á kí ara wọn títí, wọn á kí màlúù kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èmi á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ife bàbá mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe wàrà dídì tí wọ́n ń dín tà ní ojú pópó ni mò ń wí o. Wàrà olómi ni, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́mú màlúù, tí ìfòfó rẹ̀ ṣì wà lórí, tí ìdí igbá ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Àdámà náà ń ṣe ti títà. Á gbé e ka iná, á da omi ewé bọmubọmu sí i, á dì, á kó o lọ sí Ọ̀fà Garage lọ́sàn-án fún àwọn èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ ti ọmọ ẹni, iná kì í kàn án. Òfin ilé wa nìyẹn. Ìyá Àgbà ní iná a máa lé àlùbáríkà inú wàrà jáde. “Èyí tí a bá sè, ti ọjà ni,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, “àlejò ò ṣe é fún ní ohun tí iná ti jẹ kù.” Òun fúnra rẹ̀ kì í mu ún mọ́, ó ní òun ti mu tòun tán lọ́mọdé. Àwa ọmọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìyá mi máa ń dà sínú ògì orí iná fún wa. Ife àkọ́kọ́, èyí tí kò rí iná, ti bàbá mi ni. Èmi ni mo ń gbé e fún un lẹ́yìn tó bá ti ìdí ìrun àsùbáà dé, á sì dúró mu ún tán, á nu ẹnu, á kọjú sí yàrá ìyá rẹ̀, á ní, “Ìyá, mo dúpẹ́.” Mi ò tíì rí ọkùnrin tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti dàgbà.

Àfáà ni bàbá mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìta ilé wa, òun náà sì ni ìmáàmù ràtíbì, ìyẹn mọ́ṣáláṣí kékeré tí àdúgbò ti ń kírun ojoojúmọ́. Ìgànná kan ṣoṣo ló wà láàárín ràtíbì náà àti ilé wa, nítorí náà ohùn rẹ̀ ni aago wa. Èèyàn gíga ni. Bó bá ti rúkúù nídìí ìrun, tó tẹ̀ba, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn àgbà sì máa ń ṣàwàdà pé èèyàn lè gbé ife omi lé e kó má dànù. Èmi tí mo gbọ́ àwàdà yẹn, mo gbà á gbọ́ lóòótọ́. Nígbà tó ń kírun nílé lọ́jọ́ kan, mo gbé ife lọ́wọ́, mo ń dọ́gbọ́n sún mọ́ ọn, ìyá mi ló fi ojú lé mi padà.

Lẹ́yìn ọyẹ́ ọdún kan ni ibà mú un. Ibà kì í ṣe nǹkan tuntun nílé ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó fòyà. Ṣùgbọ́n ibà yìí mọ ìrìn. Lówùúrọ̀ á lọ, bàbá mi á jókòó ti àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ bíi pé nǹkan kan kò ṣe é. Bó bá di aláàsárì, á padà dé, eyín á máa gbá eyín, òógùn á sì rin ẹní tó sùn sí gbindin. Oníkẹ́míìsì gún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó lọ, ó tún dé. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n se àgbo. Àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ háńtú, ìyẹn ẹsẹ Kùránì, sí wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, bàbá mi mu omi náà. Oríkèé ń dùn ún lónìí, ìgbáròkó ń dùn ún lọ́la, ó ń gbẹ lára, agbádá rẹ̀ sì wá dà bí èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láàárín gbogbo èyí, Ìyá Àgbà ń fi kún wàrà. Ife kan di méjì. Àdámà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé abo màlúù kan ti ṣẹ́nú, èkejì sì tún ti ṣẹ́, àwọn kò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ìyá Àgbà káàánú, ó ní Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún wàrà àwọn màlúù náà bó ṣe yẹ kí wọ́n fún un, mo sì gbé ife lọ fún bàbá mi.

Ìyá mi ló taku pé ilé ìwòsàn ni yóò kàn. Dókítà tí a bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi àgbélébùú wúrà kékeré sọ́rùn. Ẹ̀rù bà mí pé bàbá mi kò ní dá a lóhùn dáadáa. Mi ò mọ̀ ọ́n tó ni. Ó dá a lóhùn bí ẹni tó ń dá olùkọ́ lóhùn. Obìnrin náà kò kánjú. Ó bi í léèrè ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, ẹran tó ń sìn. Nígbà tó gbọ́ wàrà, ó gbé bírò sílẹ̀. “Bàbá, ṣé wọ́n ń sè é kí ẹ tó mu ún?” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kì í sè é. “Ṣé màlúù kankan ti ṣẹ́nú nínú agbo yẹn?” Èmi ni mo yára dáhùn, mo ní méjì. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní ká padà wá, ìgbà tí a sì padà wá, ó sọ fún wa pé àrùn tó ń ṣe màlúù náà ló ń ṣe bàbá mi, pé inú wàrà ló gbà wọlé. Ó fún un ní kápúsù tó pupa lápá kan tó jẹ́ yẹ́lò lápá kejì, ó kọ abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kó má dá a dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti yá. “Ẹ má sì mu wàrà tútù mọ́. Ẹ sè é kó hó dáadáa.”

Iṣẹ́ ńlá ni láti sọ eléyìí fún Ìyá Àgbà. Ìyá mi kò sọ pé wàrà ló fa àrùn, ó kàn ní dókítà ní kí á máa sè é. Ìyá Àgbà ní, “Ó dáa. Bí wọ́n bá ní ká sè é, a ó sè é. Ṣùgbọ́n omi lásán kọ́ ni ọmọ mi máa fi gbé oògùn tó le báyìí mì. Ó máa gé e nífun.” Báyìí ló ṣe gba iṣẹ́ náà mọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá fẹ́ lo kápúsù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò se wàrà, yóò máa rò ó, yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi rọ̀, yóò gbé e wá pẹ̀lú kápúsù nínú àtẹ́lẹwọ́. “Ọkọ mi, gbà.” A ti gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, a ti sè é, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Nílé wa, wàrà ló ń sin gbogbo ohun kíkorò wọlé, láti àgbo dé kíníìnì. Kò sẹ́ni tó ronú láti bèèrè.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara bàbá mi lásìkò yẹn báyìí, torí òun ni mo fi ń jẹun. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Malete nípa àwọn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, pàápàá àwọn tí inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé, ìyẹn àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́hun fi kọ́ ara wa. Ara ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọlọ́dẹ. Bí kòkòrò bá wọlé, ọlọ́dẹ á gbé e mì, á tì í mọ́ àpò kékeré kan nínú ara rẹ̀, á da omi kíkan lé e lórí títí yóò fi yòrò. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kòkòrò inú wàrà yìí á jẹ́ kí wọ́n gbé òun mì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó bá fara da omi kíkan náà á yí àpò tí wọ́n tì í mọ́ padà, á rọra sún kúrò níbi tí wọ́n ti ń pa nǹkan lọ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe oúnjẹ tirẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa bí sí i. Kì í pariwo. Awọ tó fi bora kò jọ ti àwọn ọ̀tá tí ara ti mọ̀, ara kì í sì í tètè figbe ta. Ọlọ́dẹ náà kò kú, ó ń rìn kiri bó ti máa ń rìn, ó ń gbé àlejò rẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, sínú mùdùnmúdùn eegun, sínú oríkèé ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé, “Mà, ṣé ara ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni?” Mo ní ó mọ̀ díẹ̀, ohun tó fa ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé ara rẹ̀ ni yóò wó kó tó lè lé e jáde. Oògùn tó bá máa pa á gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ bá a, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, Ìyá Àgbà máa ń wo ojú àwa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo máa ń fẹ́ pa òwe yẹn ní kíláàsì, n kì í lè pa á.

Ibà bàbá mi rọlẹ̀ nígbà tó lo oògùn náà tán, a sì pa àgbò, a ṣe sàráà. Kò pẹ́ rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń gbálẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì ìgànná. Ó parí súrà, ó ké Ọlọ́hun tóbi, mo mọ̀ pé ó ti rúkúù. Mo ń retí gbólóhùn tí yóò fi dìde. Kò wá. Mo dá ìgbálẹ̀ dúró. Ìyá mi náà dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ìtẹ̀ba, wọ́n ń dúró de ìmáàmù, ẹnikẹ́ni kò lè nàró kó tó nàró. Ohùn ẹlòmíràn ló wá parí ìrun náà. Wọ́n gbé bàbá mi wọlé bó ṣe tẹ̀, kò sì ké. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní òun, ó sáré lọ se wàrà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní àrùn náà ti wọ eegun ẹ̀yìn. Kò yé e. Ó bèèrè bóyá bàbá mi fo oògùn, bàbá mi ní òun kò fo ẹyọ kan. Ó wá bèèrè pé, “Kí lẹ fi ń lò ó?”

Bàbá mi ní, “Wàrà ni. Èyí tí a sè.”

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní wàrà a máa di kápúsù yẹn mú nínú ikùn, díẹ̀ ló máa ń dé inú ẹ̀jẹ̀, ìyókù á bá ìgbẹ́ lọ. Ó ní, “Èmi ni mi ò bèèrè, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.” Bàbá mi ní kó má bẹ òun, pé ẹni tó bá ń ṣe rere ló ń ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá mi.

“Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.”

“Bàbá Sàlá, irọ́ la ó máa pa fún un ni?” ni ìyá mi wí.

“A ò ní parọ́. A ó dákẹ́. Ìyá àádọ́rin ọdún, kí n lọ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló gbé àrùn fún mi, ó tún fi ọwọ́ náà dí oògùn lọ́nà? Ẹ̀yìn mi ló ń dùn mí. Ẹ má jẹ́ kó dun òun náà.” Ó wò mí. “Sàlá, ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́. Inú sì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan jẹ̀bi, mo sì ti mọ ẹni náà.

Ìyá mi lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé dókítà ti yí àkókò padà, pé oògùn gbọ́dọ̀ dá wà, wàrà gbọ́dọ̀ dá wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ráyè ṣiṣẹ́. Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń gbé omi fún bàbá mi lẹ́yìn àsùbáà, ó ń fi gbé kápúsù mì. Bó bá di ìyálẹ̀ta, Ìyá Àgbà á gbé wàrà sísè tirẹ̀ wá, bàbá mi á gbà á, á mu ún tán níṣojú rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Ibà lọ lọ́tẹ̀ yìí, kò padà wá mọ́ títí di òní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò padà sípò. Ó lè dúró, ó lè fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ba mọ́, iwájú orí rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ mọ́. Ó fi ipò ìmáàmù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kírun lórí àpótí lápá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn arúgbó ń jókòó sí. Kò tíì darúgbó nígbà yẹn. Ìyá Àgbà sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé, “Wàrà ló yọ ọmọ mi. Ohun tí oògùn òyìnbó ṣe tì.” Bàbá mi á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo dúpẹ́.” Èmi á dìde kúrò níbẹ̀.

Mo lọ kàwé nítorí ìbínú yẹn, ẹ má jẹ́ kí n fi bò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sílé láti ilé ìwé gíga, Ìyá Àgbà pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. “Sàlá, ìwọ tó ń kàwé kòkòrò, kí ni ìwé yín sọ nípa wàrà?” Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo ti kọ́ ọ sórí. Bàbá mi wà lórí àpótí rẹ̀ ní ìta, kò yíjú wò wá. Ọwọ́ Ìyá Àgbà wà lórí itan mi, ọwọ́ tó ti gbẹ, tí àpá iná wàrà sísè wà lára rẹ̀. Mo ní, “Wọ́n ní ó ń fún eegun lókun, Ìyá Àgbà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ kí wọ́n tó kọ ìwé. Ìbínú mi kúrò lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè sọ ibi tó gbà lọ.

Ìyá Àgbà kú láàárọ̀, nínú oorun, lẹ́yìn tí Àdámà ti gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi ti ìgbà gbogbo. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n tẹ́ ẹ síta ilé wa, àdúgbò tò sẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ìmáàmù bọ́ síwájú. Bàbá mi dìde lórí àpótí, ó ní, “Dúró. Èmi ni màá kírun sí ìyá mi lára.” Àwọn èèyàn wo ara wọn, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ó rìn lọ síwájú lọ́wọ́ lásán. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìrun òkú kò ní rúkúù, kò sì ní sùjúùdù tí à ń forí kanlẹ̀. Ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Ó ké Ọlọ́hun tóbi, mo di ọ̀pá náà mú pinpin, mò ń retí kí ohùn rẹ̀ dá dúró. Kò dá dúró. Ó ké e títí tó fi pé mẹ́rin, ohùn àtijọ́ tí mo fi ń mọ aago, ó sì sàlámà.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, mo gbé omi fún un. Ó gba ife náà, ó wo inú rẹ̀, kò mu ún.

“Sàlá, wàrà òwúrọ̀ yìí ńkọ́?”

Mo ní ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí Àdámà gbé e sí.

Ó dá ife padà fún mi. “Lọ sè é wá.”